Ọ̀rọ̀ Tí Lawrence Gbé Mì Lójú Omi

Bí ẹ bá dé Ugbonla, tí ẹ bèèrè Lawrence Olówòkéré lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé lórí ọ̀nà pákó, wọn kò ní kọ́kọ́ sọ fún yín pé ọkọ̀ ló ń wà. Ta ni kì í wa ọkọ̀ níbẹ̀? Wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ń wá Lawrence ajíṣẹ́." Tàbí kí n sọ pé bí wọ́n ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká má wulẹ̀ sọ ti nẹ́tíwọ̀kì Ugbonla. Ó ń wá nígbà tó bá wù ú, ó sì ń lọ láìdágbére. Nítorí náà, ẹnu àwọn awakọ̀ ojú omi ni ìlú fi ń ránṣẹ́. Obìnrin tó wà ní Ìgbókọ̀dá tó rántí pé òun fi ẹja sórí iná, awakọ̀ ni yóò rán sílé. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bímọ sí ọsibítù, awakọ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un bóyá akọ ni tàbí abo. Wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í dúpẹ́ púpọ̀ lórí ẹ̀. Awakọ̀ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀, yóò tún un sọ lójú ẹni tó rán an kí onítọ̀hún lè mọ̀ pé ó gbọ́ ọ yé, láti ìgbà náà ló ti di ẹrù ọrùn rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ jẹ́tì, ẹ óò rí àwọn obìnrin tí wọ́n dúró sórí pákó, tí kálukú ń na ọrùn. "Uṣẹ́ mi ńkọ́?" ni wọ́n ń bèèrè, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n rán sí wọn, kí wọ́n tó bèèrè ẹrù tiwọn gan-an.

Nínú iṣẹ́ yìí, Lawrence ni ọ̀gá. Godspower, tí òun náà ń wa ọkọ̀ ní ọ̀nà kan náà, a máa gbàgbé. Wọ́n lè ní kó sọ pé kí wọ́n ra iyọ̀, kó délé kó ní epo ni. Lawrence kò jẹ́ ṣe irú ẹ̀ láé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbé, ohùn ẹni tó rán an ló ń gbé wá pẹ̀lú. Bí ìyàwó bá fi ìbínú rán an sí ọkọ, pẹ̀lú ìbínú ni Lawrence yóò fi jẹ́ ẹ, yóò fọwọ́ lé ìbàdí, yóò yí ojú, gbogbo ará jẹ́tì á bú sẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé òun dáa, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ọ́ létí òun. Ọkùnrin tó bá ti fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn ín tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa ṣọ́ ọ nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yin ẹlòmíràn nínú ilé rẹ̀.

Ẹlòmíràn náà ni Moríkẹ́, ìyàwó rẹ̀. Ẹja gbígbẹ ló ń tà. Ó parí ìwé mẹ́wàá, ó sì ń múra àtilọ síwájú kí oyún Ṣèyí tó dé. Ọkọ àti ọmọ ló gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kò ráhùn, kò sì gbàgbé. Lọ́dún tó kọjá ni àjọ kan wá láti Àkúrẹ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé ẹja àwọn obìnrin etí omi sórí fóònù. Oníbàárà tó wà ní Ọ̀rẹ̀ yóò tẹ fóònù rẹ̀, yóò rí ẹja tó wà ní Ugbonla, ní Etikan, ní Araromi, yóò mú èyí tó wù ú kó tó kúrò nílé. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ gbé ará ìgboro wá darí iṣẹ́ náà. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú obìnrin kan wá sí Ìgbókọ̀dá, kí wọ́n kọ́ wọn ní ìpìlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti íńtánẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ tí wọ́n bá rò ó títí dọjọ́ tí yóò fi parí. Ní ìparí ẹ̀kọ́, wọn yóò yan ẹnì kan ṣoṣo ṣe olórí. Araromi mú obìnrin kan tó ń jẹ́ Beauty. Ugbonla mú Moríkẹ́.

Inú Lawrence kọ́kọ́ dùn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé e lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó tẹ́ nǹkan sórí pákó ìjókòó kí omi má baà ta sí i láṣọ, ó sì ń sọ fún gbogbo èrò ọkọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni ìyàwó òun ń lọ kọ́, kì í ṣe ti títẹ̀wé lásán o, ti dídarí ni. Ìgbà tó rí tíṣà ni inú náà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni tíṣà náà, Waliyullah lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀rù omi ń bà á, bó bá wọ ọkọ̀, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń di etí ọkọ̀ mú. Aṣọ rẹ̀ kì í rún. Ó ń kí àgbà, ó ń dọ̀bálẹ̀, kì í gbé ohùn sókè. Ká ní Lawrence rí àléébù kan pàtó lára ọmọkùnrin náà ni, ọkàn rẹ̀ ì bá balẹ̀. Ó wá a títí, kò rí, ó sì bínú sí i nítorí pé kò rí. Èyí tó wá burú jù ni pé "Àǹtí Moríkẹ́" ló ń pe ìyàwó Lawrence. Lórí gbogbo ọ̀nà pákó Ugbonla, Ìyá Ṣèyí ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Lawrence fúnra rẹ̀ kì í pe Moríkẹ́ yẹn níta, inú ilé nìkan ló ń pè é.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Lawrence ní òun fẹ́ pààrọ̀ àwọn pákó tó ti jẹrà nílẹ̀ ilé ìdáná. Moríkẹ́ gbé orí sókè nídìí iná.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló gbọ́dọ̀ ṣáájú? Ta ló máa la pákó? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti parí?"

"A máa mọ̀ pé ó ti parí tí ẹnikẹ́ni ò bá já sómi mọ́," ni Lawrence fèsì. Ó rò pé òun ti pa á lẹ́nu mọ́.

Àṣé inú obìnrin náà dùn. "Ẹ wò ó, Bàbá Ṣèyí, bí Ọ̀gá Waliyullah ṣe ní ká máa sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Wọ́n ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ darí iṣẹ́, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kó dára, ẹ sọ ohun tí ojú lè rí."

Lawrence gbé òòlù sílẹ̀. Nínú ilé ìdáná tirẹ̀, lórí pákó tirẹ̀, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ gidi, wọ́n tún gbé ìyìn rẹ̀ fún Waliyullah. Kò pààrọ̀ pákó náà mọ́ lọ́sẹ̀ yẹn.

Láti ìgbà náà ni owú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ dáadáa, ẹ má jẹ́ ká fi orúkọ mìíràn pè é. Bí Moríkẹ́ bá tètè jí, ó ń rò ó. Bó bá fi ìpara pa ẹsẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀, ó ń wò ó. Ó ti ń pa ẹsẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ra, ṣùgbọ́n ta ló rántí ìyẹn? Bí obìnrin náà bá dákẹ́, ó ń rò pé nǹkan kan ló ń fi pamọ́. Bó bá sọ̀rọ̀, Waliyullah ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ń fi ẹ́ńjìnnì jágbe mọ́ omi bí ẹni pé omi ló ṣẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kan tó já èrò tán ní Ìgbókọ̀dá, ó rìn lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́, ó yọjú lójú fèrèsé. Ohun tó rí kò tó nǹkan: ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú, tíṣà dúró nítòsí tábìlì, nǹkan kan ń pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín. Kó tó sá padà, Waliyullah ti rí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ẹ wá jókòó tì wá."

Ó wọlé, ó jókòó sẹ́yìn, ó fẹsẹ̀ mú ilẹ̀ bí adájọ́. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí ewu. Waliyullah ní gbogbo iṣẹ́ ló ní ohun tó lè bà á jẹ́, pàápàá iṣẹ́ tó gba kí ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ẹ̀rọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ó ní adarí iṣẹ́ kì í dúró de ewu. Ó ń dárúkọ rẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, ó sì ń sọ ohun tí yóò ṣe sí i. Ó wá bi wọ́n pé ewu wo ló wà nínú iṣẹ́ ẹja yìí.

Lawrence kò dúró kí wọ́n pè é. "Ìjì," ló wí. "Koríko orí omi tó ń dí ọ̀nà. Epo tí kò sí."

"Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n," ni Waliyullah wí. Lawrence gbé àyà sókè, ó wo ìyàwó rẹ̀.

Moríkẹ́ ti ń ronú. "Ìyẹn, ojú ń rí i, a sì ti mọ bá a ṣe ń yẹra fún un," ló wí. "Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ti inú ènìyàn. Ẹni tó bá rò pé fóònù máa gba oníbàárà òun lọ, kò ní sọ fún wa. Á kàn máa bẹ́ wa lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì máa rẹ́rìn-ín sí wa."

Waliyullah ní, "Ẹ gbọ́ Àǹtí Moríkẹ́," wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Lawrence rí ojú ìyàwó rẹ̀ lásìkò náà. Ojú náà mọ́lẹ̀. Ìgbà tó rí i bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, ìgbà tí òun gan-an ń wá a wá sílé bàbá rẹ̀ ni, tó ń pa á lẹ́rìn-ín létí omi. Ó ti rò pé ọjọ́ orí ló gba ojú náà lọ. Kò mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀, pé ẹlòmíràn ló máa pè é jáde. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ó dìde, ó ní èrò ń dúró de òun.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó ń di ẹrù sínú ọkọ̀ ní jẹ́tì Ìgbókọ̀dá nígbà tí Waliyullah sáré bá a. Ẹ̀kọ́ ti parí, ó kù kí àwọn ọ̀gá láti Àkúrẹ́ wá gbọ́ ètò tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ṣe, kí wọ́n yan olórí. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jíṣẹ́ kan fún Àǹtí Moríkẹ́, mo pe fóònù wọn kò wọlé. Àwọn ọ̀gá ti yí ọjọ́ padà. Ọjọ́rú ni wọ́n ń bọ̀, kì í ṣe Ọjọ́ Ẹtì mọ́. Kí Àǹtí Moríkẹ́ tètè dé, kí èmi àtàwọn lè jọ jókòó, ká wo ètò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Beauty ti gbọ́ tiẹ̀, ó wà nínú ìlú níbí."

Bí àṣà awakọ̀, Lawrence tún un sọ lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, kò fo ọ̀kan. Waliyullah dúpẹ́, ó lọ. Ọ̀rọ̀ ti di ẹrù ọrùn Lawrence.

Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ti ń lọ lójú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Èyí tó kan àwọn ọ̀gá Àkúrẹ́ kò ní adùn lẹ́nu rẹ̀, ó tu ú dànù. Èyí tó kù ni "kí èmi àtàwọn lè jọ jókòó". Jókòó níbo? Kí ló dé tí wọn kò jọ jókòó látijọ́ tí gbogbo kíláàsì wà níbẹ̀? Àti pé èmi Lawrence, èmi ni yóò gbé obìnrin mi lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú ẹnu ara mi? Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ẹ má ṣe jẹ́ kó tàn yín. Ó mọ ohun tí wọ́n rán an. Ìdajì tó bá owú rẹ̀ mu ló yàn láti máa gbọ́.

Moríkẹ́ dúró lórí pákó láàárín àwọn yòókù. "Ẹ kú ewu omi, Bàbá Ṣèyí. Uṣẹ́ mi ńkọ́?"

"Kò sí," ni Lawrence wí.

Ó jíṣẹ́ gbogbo àwọn tó kù. Ó gbé ohùn wọn, ó yí ojú fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Tirẹ̀ nìkan ló gbé mì.

Ní ọjọ́ kejì, Moríkẹ́ ń yí ẹja tó ń yan lórí àgbàn, ó ń sọ ètò rẹ̀ fún ara rẹ̀, ó ń tún un sọ. Ó ní kí ọkọ òun jókòó gbọ́ ọ kó lè bá òun mọ ibi tí kò yé ènìyàn. Lawrence ní ẹ́ńjìnnì ń yọ òun lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni Moríkẹ́ ní òun máa bá Godspower lọ sí Etikan lọ́jọ́ kejì. "Mi ò tíì bá àwọn obìnrin ibẹ̀ sọ̀rọ̀ tó. Mi ò lè máa ṣètò fún wọn, kí n má gbọ́ tẹnu wọn. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, mo máa wá fara balẹ̀ de Ọjọ́ Ẹtì."

Ibẹ̀ ló ti yẹ kí Lawrence pọ ọ̀rọ̀ tó gbé mì náà jáde. Ọ̀rọ̀ náà gòkè wá dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa." Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó dáa bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, pé Etikan kò sí ní Ìgbókọ̀dá, pé àwọn ọ̀gá ńlá kò ní ṣaláì padà wá bí wọn kò bá bá a. Kò gba irọ́ náà gbọ́ nígbà tó ń pa á, ṣùgbọ́n ó pa á.

Lọ́jọ́rú, bí ó ṣe gúnlẹ̀ sí Ìgbókọ̀dá báyìí, Waliyullah ló kọ́kọ́ rí. Ọmọkùnrin tó ń bẹ̀rù omi yìí dúró sí etí pákó gan-an, ó ń wo ojú èrò kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò bá yín wá ni? Àwọn àlejò ti jókòó."

"Kò bá mi wá."

"Ẹ jíṣẹ́ fún wọn, àbí?"

Àwọn awakọ̀ mìíràn wà níbẹ̀. Èrò ọkọ̀ kò tíì bọ́ sílẹ̀ tán. Kí Lawrence tó rí nǹkan sọ, Waliyullah fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Kí ni mò ń bèèrè? Ẹ̀yin kọ́ nìyẹn." Ó sún mọ́ ọn. "Ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni Àǹtí Moríkẹ́ gbé ètò wọn lé? Mo bi wọ́n ní kíláàsì pé, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò sí, báwo ni ìròyìn ṣe máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja? Wọ́n ní ẹnu awakọ̀ ni. Mo ní tí awakọ̀ kò bá jíṣẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní, 'Ẹ lọ bèèrè ọkọ mi ní Ugbonla. Ọ̀rọ̀ kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.' Ẹ̀rín ìyẹn la ń rín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ yọjú, torí bí wọ́n ṣe ń fi ohùn yín sọ ọ́." Ó wo ojú omi lẹ́ẹ̀kan sí i. "Bóyá ara wọn ni kò yá. Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún àwọn àlejò kí Beauty bẹ̀rẹ̀."

Lawrence dúró bí igi. Níbi tó ti rò pé ìyàwó òun ti gbàgbé òun, òun ni wọ́n ń dárúkọ níbẹ̀. Ojú tó mọ́lẹ̀ yẹn, tirẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ìtìjú bò ó, ó sì yà á lẹ́nu pé owú náà kò tilẹ̀ kúrò láyè fún ìtìjú, àwọn méjèèjì jọ jókòó sí àyà rẹ̀ ni. Ó ní kí àwọn èrò Ugbonla wọ ọkọ̀ mìíràn. Ó fa okùn ẹ́ńjìnnì, ó dojú kọ Etikan.

Ó bá Moríkẹ́ láàárín àwọn obìnrin nídìí àgbàn, èéfín bo gbogbo wọn.

"Dìde, ká lọ. Àwọn àlejò ti dé. Òní ni."

"Òní bí ti báwo? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Tíṣà rán mi sí ẹ."

"Ìgbà wo?"

Àwọn obìnrin Etikan ti gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹja. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́. "Ọjọ́ Ajé," ni Lawrence wí.

Moríkẹ́ wò ó. Kò bú u, kò ké. Ó nu ọwọ́, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó wọ inú ọkọ̀. Àárín odò ni Lawrence ti dín ẹ́ńjìnnì kù kí ó lè gbọ́ òun.

"Ó ní kí ẹ̀yin méjèèjì jọ jókòó. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Moríkẹ́ wí, kò yíjú sí i. "À bá ti jókòó. Ẹ sáré, Bàbá Ṣèyí."

Wọ́n dé nígbà tí àwọn àlejò ń jẹun. Beauty ti sọ tirẹ̀ tán, ó sì sọ ọ́ dáadáa, wọ́n ti ń bá a rẹ́rìn-ín. Moríkẹ́ dúró níwájú wọn pẹ̀lú aṣọ èéfín. Ó sọ ohun tó jẹ́ èrò iṣẹ́ náà, àwọn tó kàn, ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú èwo. Níbòmíràn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ geere, níbòmíràn ó ń kọsẹ̀, ibi tó fẹ́ tún wò kó tó di Ọjọ́ Ẹtì hàn gbangba. Lawrence wà níta, lójú fèrèsé ọjọ́sí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò wo Waliyullah.

Obìnrin kan láàárín àwọn ọ̀gá náà gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. "Tíṣà yín ti sọ fún wa nípa ọkọ yín, awakọ̀ tí ọ̀rọ̀ kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé òun náà ni yóò máa gbé ìròyìn, tí nẹ́tíwọ̀kì kò bá sí?"

Lawrence di férémù fèrèsé mú.

"Òun náà ni, mà," ni Moríkẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n mo ti fi nǹkan kan kún un. Ọ̀rọ̀ kan, ọkọ̀ méjì. Ẹni méjì tó yàtọ̀ síra ni a ó máa rán ní iṣẹ́ kan náà. Bí ti ẹnì kan kò bá dé, ti èkejì á dé."

"Ìyẹn kò sí nínú èyí tí tíṣà fi hàn wá. Kí ló mú yín fi kún un?"

"Ewu kan wà tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀ nígbà náà, mà. Mo ti wá mọ̀ ọ́n."

Waliyullah ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, inú rẹ̀ ń dùn sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀gá náà ń mi orí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni méjì péré ló mọ ohun tó sọ, ọ̀kan wà níta.

Beauty ni wọ́n fi ṣe olórí. Wọ́n ní ó múra sílẹ̀ jù, ó sì dé lásìkò. Moríkẹ́ ni igbá kejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ̀ méjì náà wù wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ di òfin iṣẹ́ náà láti Araromi títí dé Ugbonla. Nígbà tó sì di òfin iṣẹ́, ìlú náà gbà á sílé. Ẹnikẹ́ni kì í rán awakọ̀ kan ṣoṣo mọ́. Moríkẹ́ kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ènìyàn kankan, àní kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Àwọn obìnrin Etikan ló ní ẹnu, àwọn ló sọ ọ́ káàkiri.

Nínú ilé, ó ń ṣe dáadáa sí ọkọ rẹ̀. Ó ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń kí i kú ewu omi. Lawrence pààrọ̀ gbogbo pákó ilé ìdáná, ó lo pákó tó dára jù, Moríkẹ́ sì dúpẹ́. Waliyullah ti padà sí Àkúrẹ́, kò sí ẹni tó ń dárúkọ rẹ̀ mọ́, ẹ óò sì rò pé owú ti tán nìyẹn. Kò tán, Godspower ló kó lọ bá. Òun àti Godspower ni Moríkẹ́ ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rán. Lawrence á rí i ní jẹ́tì Ìgbókọ̀dá, tó ń sọ ọ́ fún òun tán, tó tún ń rìn lọ sídìí ọkọ̀ Godspower láti sọ nǹkan kan náà, pẹ̀lú ohùn kan náà. Godspower tó máa ń gbàgbé tẹ́lẹ̀, kì í gbàgbé mọ́. Ó ti mọ̀ pé wọ́n ń fi òun wé ẹnì kan.

Láìpẹ́ yìí, ìpàdé iṣẹ́ náà pẹ́ ní Ìgbókọ̀dá, Moríkẹ́ wá sí etí omi, ó ní kí Lawrence sọ fún ìyá òun kó yọ ẹja kúrò lórí iná, kó má sì jẹ́ kí Ṣèyí sùn láìjẹun. Lawrence tún un sọ lójú rẹ̀. Ó fi gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì wa ọkọ̀, ó ta gbogbo èrò lómi, wọ́n ń ráhùn. Ó so ọkọ̀, kò dúró gba ìkíni, ó sáré gba orí pákó lọ sílé ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Màmá, Moríkẹ́ ní—"

"Mo ti gbọ́, ọma mi," ni ìyá arúgbó náà wí. "Godspower ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni. Ṣùgbọ́n sọ tìrẹ, kí n gbọ́."

Lawrence mí kanlẹ̀. Ó fọwọ́ lé ìbàdí bí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣe, ó gbé ohùn rẹ̀, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó mi orí, ó sì padà sídìí ẹja tó ti yọ kúrò lórí iná.